Èésú Abẹ́ Igi Ọsàn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bísíríyù fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì òṣùpá, ó pariwo débi pé alángbá mẹ́rìnlá já bọ́ lára ògiri. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ lọ́hùn-ún, ìkómọ ku ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀rọ tó ń ṣírò owó ilé sì ní owó ọkọ̀ ò pé.

"Owó báńkì nìkan lo rí! Fi èésú wa kún un. Èmi ni mo máa kó o lóṣù yìí."

"Mi ò mọ báńkì yẹn, Bàbá. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Bísíríyù ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo, ó tẹ orúkọ olórí èésú wọn: Ìyá Mosúnmọ́lá.

"Ẹ̀ka wo?"

"Abẹ́ igi ọsàn."

"Èló ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Òfo! Ọwọ́ èèyàn mẹ́jọ lowó mi wà, ìwọ olórí irin yìí!"

Ẹ̀rọ náà pe àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí Bísíríyù tó gbé itọ́ mì, gbogbo wọn ti dáhùn pé òótọ́ ni, òun ló kàn. Ẹnì kan tiẹ̀ bú ẹ̀rọ náà pé ó jí òun lójú oorun.

"Owó wọn ti wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ti jáde, ẹ bá mi kí ìyá ọmọ." Ohùn ẹ̀rọ wá rẹlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi èmi náà sí èésú yín?"

Sàláwà, ìyàwó Bísíríyù, bú sẹ́rìn-ín nídìí báàgì tó ń dì.

"A ti gbà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun ló ń kó kẹ́yìn o!"