Ẹ Kú Ọ̀gbẹlẹ̀

Mo kórìíra ìlú Maribó ní ilẹ̀ Faransé, ìlú náà kò sì fẹ́ràn mi. Láràárọ̀ ni mo ń mú àlejò wọ ọkọ̀ ojú omi tí Ganivẹ, ọkùnrin Faransé olójú líle kan, ń wà, ọkọ̀ tó ń fi táyà mẹ́rin rìn lórí iyanrìn. Ẹ̀rọ kan ń pariwo omi sí wa létí. Mo ń ka ohun tí òfin ní kí n kà: afárá òkúta ẹlẹ́gbẹ̀rin ọdún, ihò àpáta tí wọ́n ń kó wáìnì sí, ọgbà àjàrà tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Òfin náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé odò ti gbẹ.

Lónìí, Ìyá Fọlárìn, àgbàlagbà tó ti Ìkìrun wá, wo iyanrìn, ó wo Ganivẹ, ó sì kí i bí ọmọlúàbí.

"Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o."

Ẹ̀rọ ògbufọ̀ ọrùn mi sọ ọ́ sókè ní Faransé, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ganivẹ dá ọkọ̀ dúró. "Gbogbo yín, ẹ bọ́ sílẹ̀."

"Láàárín odò?" ni mo bi í.

"Láàárín odò náà ni."

A bọ́ sílẹ̀, àwa mọ́kànlá. Bàtà ẹnì kankan ò tutù.