Omi Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àmúsà ní àyẹ̀wò, Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ bu ẹ̀wà fún un, ó sì bu fún Sàláwù, àbúrò Àmúsà, ajórinmọ́rin tó ń bá wọn gbé ní Festac. Sàláwù tí kì í kọ oúnjẹ ní inú òun kún. Àmúsà jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì jọ jáde.

Awakọ̀ ni Àmúsà. Dókítà ilé iṣẹ́ wọn ló tẹ ikùn rẹ̀ wò tó ní nǹkan ń lù níbẹ̀ bí ọkàn, kí ó lọ síbi ẹ̀rọ tuntun kan ní Àmùwò tó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ikùn hàn lójú gíláàsì. Bí ẹ̀rọ bá rí àìsàn, kò ní wa ọkọ̀ wọn mọ́. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, Àmúsà kò sì ní oògùn mìíràn.

Nírọ̀lẹ́, ó ní àyẹ̀wò ti parí, kí Kúlísúmù bá òun gba èsì lọ́la, torí òun máa gbé ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn. Kúlísúmù fọ aṣọ àwọn méjèèjì. Ṣẹ́ẹ̀tì Sàláwù gan níbi ikùn bí ẹni fi sítáàsì sí i. Àgbàlagbà tí kò tíì mọ ògì í mu, ó wí sínú.

Ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan ń nu ìpara tó ki tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ náà kúrò ní ikùn aláìsàn kan. Dókítà pe Kúlísúmù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Iṣan ńlá tó gba inú ikùn ọkọ yín kọjá ti wú lójú kan bíi tùúbù táyà," ó wí. "Ó lè bẹ́ nígbàkigbà. Oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ẹ má sì sọ fún un, kí ẹ̀rù má baà mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru."

Kúlísúmù dúpẹ́. Ó retí ẹkún, ẹkún kò wá. Gbogbo ara rẹ̀ kú bí èrìgì tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn délé láì mọ ibi tó gbà.

Ó sọ fún Àmúsà pé èsì dáa, pé ìsinmi díẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ní. Àmúsà wo Sàláwù, Sàláwù wo Àmúsà, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àánú wọn ṣe é.

Omi ẹ̀rọ kì í gùn dé òkè kẹta tí wọ́n ń gbé. Àmúsà ló máa ń pọn ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bó bá ti fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì, Kúlísúmù á gbà á, á sì yíjú sí Sàláwù, ẹni tó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e níyàwó.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi gbé e."

Sàláwù á gbé e. Ó gbé omi, ó gbé àpò ìrẹsì, òun nìkan ló gbé fíríìjì àlòkù tí Àmúsà fi ayọ̀ rà. Ó ní ìyàwó àwọn ti sọ òun di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà mìíràn á dúró lórí àtẹ̀gùn, á fọwọ́ ti ẹ̀yìn, á tún máa gùn lọ. Kúlísúmù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fún ọkọ òun ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí oníṣẹ́ abẹ dé, ó ní kí Àmúsà jókòó.

"Bàbá Làtífátù, mo fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Ẹ̀rọ yẹn rí i pé iṣan inú ikùn yín ti wú. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí ẹ gbé nǹkan kan."

Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ Sàláwù àti kẹ́ẹ̀gì méjì tó kún lórí àtẹ̀gùn: ó kọjá òkè kìn-ín-ní, ó dé òkè kejì, ó dúró.

"Ìyá Làtífátù," ni Àmúsà wí, "kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi, Sàláwù ni mo rán lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn lórúkọ mi."