Àlejò Tí Òjò Kò Pa

Láti ìjẹta tí iná kan ti já bọ́ láti ojú ọ̀run sẹ́yìn odò ni ara ti ń fu Fádèyí àgbẹ̀ nínú ahéré oko kòkó rẹ̀. Òjò ìrọ̀lẹ́ ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè, tó rí àlejò kan lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rárá. Ajá rẹ̀, tó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀, ìrù ló ń jù. Aṣọ ńlá tí àlejò náà dà bora sì gbẹ táútáú.

Fádèyí fa àdá sábẹ́ itan. "Ẹ kú òjò o. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ọ̀nà mi jìn, bàbá," ni àlejò wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìfura kò ní kí a fi omi du àlejò. Fádèyí bu omi, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀, ó sì gbé e fún un. Àlejò fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá, ó mu ún tán.

Ọwọ́ méjèèjì ṣì di igbá mú nígbà tí ọwọ́ kẹta yọ lábẹ́ aṣọ, tòun ti ìgò kékeré kan tó ń tàn bíi tannátanná. Àlejò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó sì nà án sí i.

Fádèyí wo ọwọ́ náà títí. Ó ti àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ọwọ́ méjì tí Ọlọ́run fún un gbà á.