Gbà Á, Kí O sì Fi Kún Un

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń purọ́ ibi tí ẹ wà lórí fóònù, ẹ sún mọ́ mi.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ṣíṣe l'Ókìtìpupa.

Tòní jẹ́ eré tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀.

"Ohunkóhun tí ẹnìkejì rẹ bá sọ, má jiyàn. Gbà á, kí o sì fi kún un."

Ó kan Gbémi.

Joel pariwo pé omi ti ń wọnú ọkọ̀ ojú omi àwọn.

Gbémi wo ilẹ̀. "Omi wo? Mi ò rí omi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Tíṣà ní, "Gbémi, o ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa."

Fóònù Gbémi dún.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán mà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Pásítọ̀ ló ń gbàdúrà lọ́wọ́."

Ó na fóònù sí tíṣà.

Tíṣà mú ohùn rẹ̀ ki, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Joel dá orin. Àwọn yòókù ń ṣe àmín.

Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mi ò lè bínú.

Mo gbà á, mo sì fi kún un.

"Àmín, Gbémi," ni mo wí sínú fóònù tèmi. "Sọ fún pásítọ̀ kó wo ojú fèrèsé. Mo ti gbé púpurú tí o máa jẹ dé láti Erinje."