Àpáta Tí Wọ́n Ní Ẹnikẹ́ni Kò Ti Orí Rẹ̀ Ṣubú

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á délẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ìkìlọ̀ wà. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n fa ọmọ lé lọ́wọ́.

1.
Láyé ìjọba alágbádá, aláró pàtàkì ni Àlàájà Bùsírátù l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ọmọbìnrin ń ti Ìbarà àti Owódé wá kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Asiata, ọmọ àbúrò rẹ̀ Mọ́níkẹ́, ti Wásinmi wá. Lọ́jọ́ tí Mọ́níkẹ́ mú un wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí rèé. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé Àlàájà, ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí tí wọ́n bá ti yọ ọ́ nínú aró. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ Owódé kan yọ̀ ṣubú níbẹ̀, apá rẹ̀ kán. Àwọn òbí kóra jọ, wọ́n fẹ́ máa kó ọmọ wọn lọ. Àlàájà bẹ̀ wọ́n, ó sì búra pé bí òjò bá ti ṣú, ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní gun àpáta náà mọ́. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ yẹn kò kúrò lára Àlàájà.

2.
Ọjà Ìtòkú ku ọ̀la, aṣọ kún orí àpáta, òjò ṣú. Àwọn ọmọ yòókù ti lọ pọnmi. Àlàájà ní kí Asiata gòkè lọ kó aṣọ.

"Màmá, ó ti ń kán."

Àlàájà bi í pé, "Ṣé iyọ̀ ni ẹ́ tí òjò á fi yọ́ ẹ?" Asiata gòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já wálẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ orí gbálẹ̀.

Kò mira fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó bèèrè bóyá aṣọ ò dọ̀tí. Ẹ̀rín yẹn ló tan Àlàájà jẹ. Ó wé ìborùn mọ́ ọn lórí kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi tó wú, ó sì kìlọ̀ fún un kó má sọ.

3.
Kò pẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Asiata. Ó bì. Oorun ń gbé e lọ, wọ́n ń jí i, kò fẹ́ jí. Adérónkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí i pé ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba mọ́: dúdú àárín ojú ọ̀tún ti fẹ̀ ju ti òsì lọ.

"Sóòdà ló ta sí i," Àlàájà ní.

Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Aláró wo ni sóòdà tí wọ́n fi ń po aró kò tíì ta sí lójú rí? Wọ́n bu omi, wọ́n ń ṣan ojú tí nǹkan kan kò ṣe.

4.
Nígbà tí omi kò ṣe é, Àlàájà gbé e lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀, Dókítà Ògúndípẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú òsì, ọmọlójú rẹ̀ sún kì. Ó tàn án sí ti ọ̀tún, kò mira. Ó ní ojú tí sóòdà bá ta sí máa ń pọ́n, èyí kò pọ́n.

"Àlàájà, ṣé ọmọ yìí ò ṣubú?"

"Kò ṣubú."

"Ṣé nǹkan kan ò gbá a lórí?"

"Rárá."

Dókítà bèèrè bóyá wọ́n fi oògùn ìbílẹ̀ sí ojú náà. Àlàájà rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní ewé kan ni òun fún sí i, òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà mi orí, torí ewé mìíràn wà tó lè mú ọmọlójú fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún ojú náà ṣan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Irọ́ kìíní ti bí èkejì, ẹ̀jẹ̀ sì ń kó jọ nínú agbárí ọmọ ọlọ́mọ.

5.
Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Lydia fẹ́ da omi sí ojú náà, ó tú ìborùn kó má baà tutù. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó wú lókè etí. Ó pe dókítà.

Dókítà wo Àlàájà. Kò pariwo. Ó ní bó ṣe pé wọ́n ti sọ ti ìṣubú náà lẹ́nu ọ̀nà ni, Asiata ì bá ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti lè la agbárí kí wọ́n gbọn ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n wá ọkọ̀, wọ́n gbé e. Wọn ò tíì kọjá Ọ̀dẹ̀dá tí Asiata fi mí èémí ìkẹyìn.

6.
Mọ́níkẹ́ dé láti Wásinmi. Kò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, ó ń wo àpáta. Aṣọ ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kó o.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ṣubú ni?"

Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n bi Àlàájà. "Ó ṣubú," ó ní.

Mọ́níkẹ́ ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi." Ó dìde, ó gun àpáta, ó ká àwọn aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lọ. Àwọn òbí yòókù náà wá kó ọmọ wọn. Àlàájà ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí èèyàn bá fi orí gbálẹ̀, bó tilẹ̀ dìde tó rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tó ń bì, tí oorun ń gbé e, tàbí tí ọmọlójú rẹ̀ kan fẹ̀ ju èkejì, ẹ má dúró fọ ojú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ fún dókítà, ì báà ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọ̀sán kan péré ni irọ́ Àlàájà lò. Òtítọ́ bá a, kò bá Asiata láàyè.