Àdúrà Tí Wọ́n Ń Rí Lójú Fèrèsé Mi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Ìyá Delight ti ń kan ilẹ̀kùn mi.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. "Mọ́mì, mo tún rí yín lójú fèrèsé. Ẹ jókòó, ẹ dorí kodò, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ yín tiẹ̀ ti wú! Àdúrà yìí mà pọ̀ o."

Gbogbo ilé wa ní Mowe ló ń pè mí ní Mọ́mì Aládùúrà.

Ẹni tó ń wá ọkọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ẹni tó ń wá físà, ọ̀dọ̀ mi náà ni.

Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mo la ẹnu. "Ìyá Delight, àyà mi yìí..."

"Iná Ẹ̀mí ló ń jó níbẹ̀, Mọ́mì! Ẹ ṣáà má sùn o. Ẹ bá mi rántí Delight, ó ń ṣe JAMB lọ́la."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àmín sí i, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo to ìrọ̀rí sẹ́yìn ara mi lórí àga.

Dókítà ní ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ọkàn mi tí kì í tì dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú ń ṣẹ́rí padà sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró, omi sì ń kún ibẹ̀. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n tẹ orí mi bọ odò.

Mi ò gbàdúrà kankan lójú fèrèsé yẹn rí.

Èémí ni mò ń wá.