Gbádégẹṣin àti Àpótí Oníná

Ẹ̀yin ọmọ, mo fi orúkọ ìyá tó bí mi ṣèlérí níwájú yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó lè jókòó, ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró. Kó tó rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti parí.

Ní àdúgbò wa ní Ìkìrun, télọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Gbádégẹṣin. Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ ṣòkòtò rán, ó máa ń kí àgbà, kì í sì í tọ́jú aṣọ oníbàárà títí aṣọ á fi kéré sí onítọ̀hún. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan kò tó òun lọ́wọ́. Bí ebi bá ń pa á, á mú igi, á máa fi ta eyín.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni géèmù bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tó fi ń gbá a, ọwọ́ oníkáfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó kógbá wọlé ló ti rà á, ẹ̀rọ náà sì ti darúgbó. Bí ó bá gbóná, fáànù inú rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, àwọn agbábọ́ọ̀lù á sì dúró gbagidi lórí pápá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ṣètò ìdíje. Kálukú yóò jókòó sílé ara rẹ̀, wọn yóò máa bá ara wọn gbá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú láàárín eré ti pàdánù nìyẹn. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ ṣojú ìlú wa ní Ìbàdàn. Gbádégẹṣin fẹ́ lọ síbẹ̀ débi pé ó ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ. Ó sì mọ̀ ọ́n gbá, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà nílò: mẹ́mọ̀rì kún mẹ́mọ̀rì kí ó lè yára, àti fáànù tuntun kí ó má baà gbóná. Owó tó tù jọ nídìí ìránṣọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ká méjèèjì. Ó bá wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n gbé mẹ́mọ̀rì síwájú rẹ̀, ó wò ó títí. Kò tóbi ju ìyarun ọmọdé lọ. Inú kọ̀ǹpútà ni yóò sì wọ̀ sí, kò sí ọmọ ènìyàn tí yóò rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí kọ̀ǹpútà òfìfo kan wà, onígíláàsì, tí iná pupa àti iná búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Ẹ ti mọ èyí tó gbé wálé.

Ó tú gbogbo ìfun ẹ̀rọ àtijọ́, ó kó o sínú àpótí tuntun, ó wá ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún àǹfààní àwọn tó ń kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ṣíjúwadé, tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì títì, ló kọ́kọ́ rí i.

“Gbádé! Kọ̀ǹpútà tuntun! O ò tiẹ̀ bá èèyàn sọ!”

“Nǹkan kékeré ni, jàre.”

“Kékeré kẹ̀? Òní la máa fọ̀ ọ́!”

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ra nǹkan tuntun, àwọn ọ̀rẹ́ á ní kó fọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé kó fi nǹkan mímu dá wọn lọ́lá. Nǹkan tuntun là ń fọ̀. Bí Gbádégẹṣin bá ti sọ pé tòun kì í ṣe tuntun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Owó tó ṣẹ́kù, tí ì bá fi ra fáànù ó kéré tán, ó fi ra mínírà àti súyà. Èmi náà mu ìgò kan, nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nílò ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó di ọjọ́ àṣekágbá, Lámídì káfíńtà ló kù tí Gbádégẹṣin yóò bá gbá a. A kún inú yàrá rẹ̀ fọ́fọ́. Ó kọ́kọ́ fi góòlù kan ṣíwájú, a pariwo. Eré kù díẹ̀ kó parí ni fáànù bá bẹ̀rẹ̀ igbe ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró gbagidi. Kọ̀ǹpútà kú. Àwọn iná ara àpótí kò kú ní tiwọn o, wọ́n ń ṣẹ́jú lọ. Iná mànàmáná pàápàá kò lọ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ló dun Gbádégẹṣin jù, torí kò rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

Ṣíjúwadé ní, “Kí ló ń ṣe kọ̀ǹpútà tuntun yìí?”

“Kì í ṣe tuntun. Ògbólógbòó mi náà ni. Àpótí nìkan ni mo rà.”

Ṣíjúwadé ká ọwọ́ lérí. “Gbádé, ṣé orí ẹ pé báyìí? Mẹ́mọ̀rì àti fáànù kọ̀ǹpútà mi tó bàjẹ́ wà nílé, ìwọ ni mo fi wọ́n pamọ́ dè. Nígbà tí mo rí tìẹ tó ń dán yìí, mo ní o ti kúrò nípò ẹni tí à ń fún ní àlòkù. Lámídì ń ké kiri pé tòun ti fẹ́ kú, mo bá kó o fún un.”

“Lámídì wo?”

“Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ẹ́ yìí náà ni.”

Gbádégẹṣin ní, “Lọ́fẹ̀ẹ́?”

“Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Kò tiẹ̀ ra mínírà.”

Báyìí ni Lámídì ṣe lọ sí Ìbàdàn, tí Gbádégẹṣin sì jókòó sílé tó ń rán aṣọ.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ: bí nǹkan kò bá tó yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe bíi pé ó tó. Ẹni tó bá fi àìní rẹ̀ pamọ́ fún ẹlẹ́yà ti fi í pamọ́ fún olùrànlọ́wọ́ náà. Tí ẹ bá sì ní owó díẹ̀, ibi tó ń dùn yín ni kí ẹ ná an sí, kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń kọjá ń wò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí mọ láàárín wa. Gbádégẹṣin ló ń rán ṣòkòtò tí n ó wọ̀ lọ́dún iléyá, kò sì tíì fún mi.